Ìko, Àpò Kòkó Tàbí Ọ̀gbọ̀: Kí Ni Ká Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Ọrun?

Ìbéèrè: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkọlé-Èkìtì ni mo ń gbé, mo wà nínú ẹgbẹ́ eléré ìbílẹ̀ kan tó fẹ́ ṣe eré lórí ogun Kírìjì. Mo gbẹ́ ọrun méjì láti ara pákó tíìkì tí mo rà ní sọ́míìlì. Èkíní ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo fà á dé íǹṣì 24. Èkejì kò tíì ṣẹ́, àmọ́ fọ́nrán igi kan ti gbéra lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà mi ní kí n fi ìko lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gé àpò kòkó. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gbọ̀ (linen) ni gbogbo wọn ń pariwo. Mi ò fẹ́ ọ̀rá tàbí gíláàsì kankan, ohun tó hù látinú ilẹ̀ ni mo fẹ́. Èwo ló le jù nínú wọn, kí n lò ó?"

Ọmọ mi, kú iṣẹ́, kú ọgbẹ́ ọwọ́. Inú mi dùn pé o ti gbẹ́ méjì kí o tó béèrè. Àwọn kan á máa béèrè fún ọdún mẹ́ta láìtíì fi ọ̀bẹ kan igi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó o fi parí ìbéèrè rẹ yẹn, "èwo ló le jù", òun ló máa ṣẹ́ ọrun kẹta fún ọ bí o bá tẹ̀ lé e.

Ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrun yìí, ẹ̀wù ni mo máa ń pè é nínú ìsọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè é níbí. Ẹ̀wù kì í wo àrùn egungun. Nítorí náà, kí o tó ná kọ́bọ̀, mú ọrun tó ṣẹ́ yẹn bọ́ sínú oòrùn, kí o wo ojú ibi tó ti já. Bó bá ya gọọrọ bí ìgbà tí wọ́n fi eyín bó ìrèké, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì mú ṣónṣó, ìlà igi ló sá jáde lẹ́yìn ọrun. Ẹ̀rọ ló ń la pákó sọ́míìlì, ẹ̀rọ kì í sì í bi igi léèrè ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ gbà. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti gé ìlà, ibẹ̀ ni fọ́nrán ti ń gbéra. Ẹ̀wù wúlò fún ìyẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lára apá ọrun, bí orúnkún, tí ibi yòókù le gan-an, ọwọ́ rẹ ló fà á. Kò sí ọ̀gbọ̀, kò sí iṣan ẹfọ̀n, tó lè gba irú ọrun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àfọ́kù ìgò àti sùúrù ni oògùn rẹ̀: máa ha ibi tó le díẹ̀díẹ̀, má fọwọ́ kan ibi tó ti rọ̀, títí apá méjèèjì yóò fi tẹ̀ dọ́gba.

Wàyí o, wá fóòmù tí ẹ fi ń fọ abọ́. Fi báírò fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n dúró bí eyín òòyà, kí o wá tẹ fóòmù náà bí ọrun. Ìlà tó wà lókè á jìnnà síra, tìsàlẹ̀ á fún mọ́ra. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí igi rẹ gan-an nìyẹn. Ẹ̀yìn ọrun, èyí tó kọjú sí ẹran, ń nà. Inú ọrun, èyí tó kọjú sí ìwọ, ń fún pọ̀. Ọ̀pọ̀ igi ló lè gba nínà ju fífún pọ̀ lọ. Rántí ìyẹn, a ó padà sí i.

Ọrun tó ń ṣiṣẹ́ gidi, ojú ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń nà tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 100. Lórí mítà kan, sẹ̀ntímítà 1 nìyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí, inú sẹ̀ntímítà kan yẹn ló wà. Ohun tó o bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrun gbọ́dọ̀ lè nà tó bẹ́ẹ̀ láìjá, ó sì gbọ́dọ̀ máa jà bó ṣe ń nà, kó má kàn tẹ̀ lé igi bí aláìsàn. Òwú ìránṣọ kì í já títí yóò fi nà tó ìdá 5 sí 8 nínú 100. Nínú sẹ̀ntímítà tiwa, kò tíì jí lójú oorun. Ọ̀gbọ̀ ń já ní nǹkan bí ìdá 2 sí 3: ó le, ó ń jà, ó sì ṣẹ́ àyè díẹ̀ kù. Fọ́nrán àpò kòkó ń já ní nǹkan bí ìdá 1 àbọ̀. Ṣé o rí i pé ẹnu ọ̀fìn ni ìyẹn dúró sí? Sílíìkì lè nà dé ìdá 15 kó má já, ó sì ń jà níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Bí o kò bá gbà mí gbọ́, kan ìṣó sára òpó, so òwú tí o fẹ́ yẹ̀ wò mọ́ ọn, wọn mítà kan, kí o so korobá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fi bírò fa àmì sára òpó níbi tí òwú parí sí, fa òmíràn sí sẹ̀ntímítà 1 nísàlẹ̀ rẹ̀. Máa fi ife bu omi sínú korobá, kí o ka iye ife tó gbà kí òwú tó sún dé àmì kejì. Lẹ́yìn náà da omi nù kí o wò ó bóyá ó padà sí àyè rẹ̀. Òwú tí wọ́n lọ́ gan-an á kọ́kọ́ tú ara rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà, nítorí náà òwú tí wọn ò lọ́, tàbí tí wọ́n lọ́ díẹ̀, ni kí o fi ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni iṣẹ́ yìí máa gbà ọ́, ó sì sàn ju ọ̀sẹ̀ méjì tí wàá fi ka àríyànjiyàn àwọn èèyàn lọ.

Ọdún tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ tẹ òwú ọ̀gbọ̀ gidi, èmi náà rò bíi tìẹ pé èyí tó le jù ló dára jù. Mo ní ọrun mẹlínà kan nílẹ̀, igi rírọ̀, igi tí wọ́n ń gbìn lẹ́bàá ọ̀nà. Mo lẹ ọ̀gbọ̀ ní ìpele mẹ́ta mọ́ ọn lẹ́yìn, mo fi aṣọ wé e, mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Nígbà tí mo fà á, ó dún bí ọpọ́n ayò tí wọ́n pa dé. Mo ta á fún ọjọ́ mélòó kan, inú mi ń dùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tú ọsán, ìyẹn okùn ọrun, kúrò lára rẹ̀, ọrun kò padà nà. Ó tẹ̀ síbẹ̀ bí àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo gbé inú rẹ̀ sí ojú fèrèsé, mo rí ìlà wínníwínní tó dá ìbú inú igi náà kọjá ní ibi mẹ́rin. Ẹ̀yìn kò ṣe nǹkan kan. Inú ló ti kú. Ẹ̀yìn tí mo dì nírin kọ̀ láti nà, gbogbo wàhálà wá bọ́ sórí inú tí kò lágbára, ó fún un pa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi igi léèrè kí n tó bi òwú.

Ìyá àgbà rẹ kò jẹ̀bi. Ìko dára, ó sì sún mọ́ wa. Ara ewé ògùrọ̀ tí kò tíì là ni wọ́n ti ń bó o, ó ń jáde ní ọ̀já pẹlẹbẹ tó tẹ́ dáadáa sórí igi, ìlà rẹ̀ sì gùn lọ tààrà láì pàdé ìlà kankan lọ́nà. Àìsàn rẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, ó ní ìda lójú, gọ́ọ̀mù kì í wọ ìda. Àfi kí o rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á, kí o sá a. Èkejì, ó ń fàya ní gígùn wẹ́rẹ́, nítorí náà kò lè fi bẹ́ẹ̀ di fọ́nrán igi tó fẹ́ gbéra ní ìbú. Fún ọrun eré, ọrun ọmọdé, èyí tí agbára fífà rẹ̀ kò ju kílò 10 lọ, mo lè fi ìko ṣe é kí n sì sùn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, rárá.

Àpò kòkó ńkọ́? Gbọ́ ohun tó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ewédú ni àpò yẹn. Ewédú tí ìyá rẹ ń fi ìjábẹ̀ já lóbẹ̀ yìí gan-an wà lára irú igi méjì tí wọ́n ń gbìn ní Íńdíà àti Bangladesh fún ẹ̀èpo ara rẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó ga ju èèyàn lọ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi títí ara rẹ̀ yóò fi jẹrà, wọ́n á wá bó fọ́nrán rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń hun àpò. Mo ti dán ti ẹ̀yìnkùlé wa wò rí: mo jẹ́ kí ewédú mélòó kan gbó tó so èso, mo rẹ wọ́n sínú àgbá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òórùn rẹ̀ lé àwọn aládùúgbò wọlé. Fọ́nrán tí mo rí ń dán, ó lẹ́wà, àmọ́ ó ń já bí mo ṣe sọ fún ọ, kò ní sùúrù. Ní ti àpò kòkó fúnra rẹ̀, ó tún burú sí i. Ìdajì òwú rẹ̀ dá ìbú, kò sì sí ìrànlọ́wọ́ tí òwú ìbú ń ṣe fún nínà. Ìdajì tó kù ń gùn sókè gùn sódò lórí ara wọn nítorí híhun, bí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè; kí wọ́n tó tọ́ tán, igi ti ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, á mu gọ́ọ̀mù bí ẹni tó wá láti oko, á wá wúwo síbi tó yẹ kó fúyẹ́ jù, ìyẹn ṣóńṣó ọrun. Jẹ́ kí àpò kòkó máa kó kòkó.

Ohun tí mo sọ nípa híhun yìí kan gbogbo aṣọ, títí kan aṣọ ọ̀gbọ̀. Bí o bá gé aṣọ ọ̀gbọ̀ lẹ̀ mọ́ ọrun, ohun tó máa ṣe fún ọ ni pé kò ní jẹ́ kí ẹ̀gún igi gbéra. Ìyẹn náà níye lórí. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí ẹ̀wù bá igi gbé ẹrù, òwú tó tẹ́ tààrà láti ìdí dé ṣóńṣó, láì bá òmíràn hun, lo nílò.

Níbo lo ti máa rí ọ̀gbọ̀ ní Èkìtì? Lọ sí ibi tí wọ́n ń ta òkìrìkà lọ́jọ́ ọjà, wá ṣòkòtò tàbí aṣọ tábìlì tó rún, tó tutù lọ́wọ́, tí òwú rẹ̀ nípọn níbì kan tó tín-ín-rín níbòmíì. Fa òwú kan yọ kí o finá sí i. Ọ̀gbọ̀ àti òwú gidi ń jó bí ìwé, eérú wọn ń fọ́ sí lẹ́búlẹ́bú. Bó bá yọ́ tó sì di kókó dúdú, ọ̀rá wà nínú rẹ̀, dá a padà. Bó bá rùn bí irun tó jóná, sílíìkì tàbí irun àgùntàn ni. Láti mọ ọ̀gbọ̀ yàtọ̀ sí òwú, padà sídìí korobá. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò gùn tó mítà kan, ọrun rẹ kò sì lè ju mítà kan àbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ. Òwú kan á ti ṣóńṣó dé ìkọjá ibi ìdìmú, tòdìkejì á wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ibi ìdìmú kì í tẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí oríkèé wà. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lára ọ̀gbọ̀ ni pé bó bá tutù, ṣe ló ń le sí i. Nílẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tún wà, àwọn èèyàn kì í rántí rẹ̀. Gé ewé rẹ̀ tó gùn, tẹ́ ẹ sórí pákó, fi etí àwo tó fọ́ ha ẹran ara rẹ̀ kúrò. Fọ́nrán funfun tín-ín-rín á yọ sí ọ lójú. Ní Philippines, wọ́n ń hun aṣọ olówó ńlá láti ara rẹ̀. Ó le bí ọ̀gbọ̀, àmọ́ kúkúrú ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Bí ẹ bá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín tí ẹ sì ní àkókò, ẹ ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè nípa sányán. Sílíìkì gidi ni, kòkòrò inú igbó tiwa ló ń ṣe é, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń sìn ní Ṣáínà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sè é, wọ́n ń fi ọwọ́ ran án ni, kì í ṣe fọ́nrán kan gbọọrọ. Má lọ tú agbádá bàbá bàbá rẹ nítorí ọrun. Bó bá jẹ́ sílíìkì lo fẹ́, àwọn táì òkìrìkà kan jẹ́ sílíìkì, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń gé aṣọ táì sí, òwú rẹ̀ ń gba igun dé igun, kì í lọ tààrà. Bí o bá lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, o kàn ṣe ọrun lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Òwú rẹ̀ ni kí o tú.

Awọ ewúrẹ́ tí àwọn onílù ń ha kì í jẹ́ kí ẹ̀gún gbéra, àmọ́ ó wúwo, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Iṣan ẹran ni ọba gbogbo wọn lọ́dọ̀ àwọn ará Tọ́kì àti Mòǹgólíà, nítorí ilẹ̀ wọn gbẹ; iṣan àti gọ́ọ̀mù awọ tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Nínú ọyẹ́, á le kankan. Nínú oṣù keje, á rọ̀ bí àmàlà àná.

Ó ku ohun tó kàn ọ́ jù, ìwọ kò sì béèrè rẹ̀: tíìkì ní òróró lára. Òróró yẹn ni kì í jẹ́ kí ikán fẹ́ ẹ, òun náà ni kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú un. Mo ti rí ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ tó ṣí kúrò lẹ́yìn ọrun tíìkì lódindi, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fi sáńdípépà ha ẹ̀yìn ọrun náà, gbá ekuru rẹ̀ dànù, fi aṣọ funfun tí o tẹ̀ bọ sípírítì, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń pa ojú abẹ́rẹ́, nù ún. Aṣọ náà á pupa. Mú òmíràn, nù ún, títí aṣọ kò fi ní pupa mọ́. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ kí gọ́ọ̀mù tó dé orí rẹ̀, torí òróró inú igi á tún yọ. Má sì fi òrí tàbí àdín pa á ṣáájú.

Ní ti gọ́ọ̀mù, èyí tí a ń po láti inú agolo méjì, tí wọ́n ń pè ní epoxy, ni mo máa lò fún tíìkì. Àwọn tó sọ ohun àdánidá di ẹ̀sìn á bínú sí mi, wọn ò sì ní rí ibi tí ọrun wọn ti ṣí. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ń ṣiṣẹ́ lórí igi tí kò ní òróró, àmọ́ má gbé ọrun tí o fi lẹ̀ sínú mọ́tò tó dúró sóòrùn. Fi gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ pa ẹ̀yìn igi lákọ̀ọ́kọ́. Kó òwú rẹ jọ ní ìdì kéékèèké, tó nípọn bí ìgbálẹ̀ mẹ́ta, fi òòyà yà á kí ó tọ́, tẹ̀ ẹ́ bọ gọ́ọ̀mù, fi ìka méjì fún un kí àlékún jáde, tẹ́ ẹ lọ gbọọrọ. Má jẹ́ kí ẹnu ìdì méjì pàdé lójú kan. Bó bá bo ẹ̀yìn tán ní ìpele kan, ó tó. Bó bá lè nípọn tó káàdì ìkíni, dúró. Wé aṣọ lé e títí, kí o gbé ọrun sórí òkúta méjì pẹ̀lú ohun tó wúwo díẹ̀ láàárín kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè sínú díẹ̀, fi sílẹ̀ lábẹ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nípa ọrun kejì, má lẹ ẹ̀wù kankan mọ́ ọn báyìí. Rọra fi ìka gbé fọ́nrán tó gbéra yẹn, kí o kán gọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí o fi òwú ọ̀gbọ̀ tí o rẹ sínú gọ́ọ̀mù wé apá ọrun náà yíká, ìka méjì sókè rẹ̀, ìka méjì sísàlẹ̀. Ó máa dúró bí ọgbẹ́ tí wọ́n dì. Lẹ́yìn náà, dín agbára rẹ̀ kù. Eré lẹ fẹ́ ṣe, kì í ṣe pé ẹ ń lọ pa ẹfọ̀n. Ọrun kílò 8 tí ẹ bá fà dé íǹṣì 20 á rí bákan náà lójú ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Àti pé, ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tó sì parí ní 1893, ìró ìbọn ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ rántí fi ìbọn sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun yín náà.

Nígbà tó o bá fẹ́ gbẹ́ ẹ̀kẹta, má lọ sí sọ́míìlì lọ́sàn-án tí wọ́n ti to pákó jọ. Lọ láàárọ̀, bẹ ọ̀gá wọn kó jẹ́ kí o yí pákó kọ̀ọ̀kan wò. Tíìkì ní ìlà ọdún tó hàn kedere. Tẹ̀ lé ìlà kan láti orí dé ìdí. Bó bá gbọ̀nà tààrà láìsá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, rà á, kódà bó bá gbówó lórí díẹ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Mary Rose rì ní 1545; nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1982, ọrun tó wà nínú rẹ̀ lé ní 100, kò sí òwú, kò sí awọ, kò sí iṣan lẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn. Ara igi funfun tó wà lábẹ́ èèpo ni àwọn tó gbẹ́ wọn fi sílẹ̀ ṣe ẹ̀wù. Pákó tí ìlà rẹ̀ tọ́ láti orí dé ìdí, ọ̀gbọ̀ ìpele kan ti pọ̀ fún un.

Bí gọ́ọ̀mù ẹ̀wù bá gbẹ tán, fa ọrun náà dé íǹṣì 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀dógún, wo inú rẹ̀ lójú oòrùn fún àwọn ìlà tó dá ìbú yẹn, kí o tó fà á dé 14. Bo ojú rẹ, má sì jẹ́ kí ọmọdé kankan dúró níwájú. Má tú ọsán sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀, bó ti wù kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bẹ̀ ọ́ tó pé kó dún fún àwọn.